Ọgbọ̀n Íńṣì Tó Wà Nínú Ìwé

                                        Ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Aránṣọ,
                                        Òdìkejì Ilé Iṣẹ́ Káfíńtà.
                                        Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án.

Ìkejì mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni o? Báwo ni ilé ìwé, báwo ni ti àwọn mẹ́ta tí ẹ jọ ń pín yàrá, títí kan èyí tó ń hanrun? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ tó wú nígbà tí a pínyà ti fà, àbí o ṣì ń tiro kiri kí àwọn tíṣà má bàa rán ọ níṣẹ́? Ìyá Kékeré ńkọ́? Ṣé wọ́n ti wá wò ọ́ láti ìgbà tí ẹ wọlé, àbí wọ́n ṣì ń bínú torí bùláńkẹ́ẹ̀tì tí o gbàgbé sílé? Bá mi kí wọn gidigidi, kí o sì bá mi kí bàbá rẹ. Sọ fún wọn pé aṣọ tí wọ́n ní kí n bá àwọn dín, mi ò gbàgbé.

Èmi náà wà. Wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì pé ibi yìí la ti ń kọ ọ́ pé ara wa le, a dúpẹ́. Mo kọ ọ́, mo tún pa á rẹ́. Òun ni ìdọ̀tí bírò tí ò ń wò yẹn. Ara mi le, inú mi ni kò le. Oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Ìyá mi rò pé ibà ni, wọ́n ti fún mi lóògùn ibà lẹ́ẹ̀mejì, mo sì gbé e mì. Ó kéré tán, ibà ò ní mú mi lọ́dún yìí.

Má rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ̀wé o. Kíláàsì kẹta ni mo ti jáde, ìwọ lo jókòó ti ìwé, èmi jókòó ti máṣíìnì. Bébà tí a fi ń gé àwòṣe ọrùn aṣọ ni mo fi ń kọ ọ́, ìdí nìyẹn tí etí rẹ̀ kan fi tẹ̀ kọrọdọ. Ǹ bá pè ọ́, ṣùgbọ́n wọn ò gbà yín láyè fóònù níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe èyí tí mo lè sọ fún ẹlòmíì. Ìwọ nìkan ló kù, ìwọ tí wọ́n bí lọ́sẹ̀ tí wọ́n bí mi, tí gbogbo ẹbí ń pè wá ní ìbejì onílé méjì.

Ṣé o rántí Káfíńtà? Ẹni tí mo sọ fún ọ nígbà ìsinmi, tó ń ṣiṣẹ́ ní òdìkejì títì, tí ìyẹ̀fun pákó máa ń wà nínú irun rẹ̀ bí ẹni tó hewú láàárọ̀ tó sì tún di ọ̀dọ́ lálẹ́. O ní kí n yéé ṣe bí ẹni pé òun nìkan ni káfíńtà tó wà láyé. Mo gbìyànjú. Kò ṣeé ṣe. Tí mo bá gbọ́ ìró ayùn báyìí, kódà kó jẹ́ ayùn bàbá arúgbó kan níbòmíràn, ọwọ́ mi á dúró lórí aṣọ.

Bọ́tìnì mọ̀. Bọ́tìnì ni ọmọbìnrin tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá. Ó kúrú, ó rí roboto, ibẹ̀ ni Ọ̀gá ti mú orúkọ fún un. Èmi tí mo gùn gbọọrọ tí mi ò sì lẹ́ran lára, Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Àwọn oníbàárà a máa ní, "Abẹ́rẹ́ rèé, Bọ́tìnì rèé, òwú dà?" Bọ́tìnì ò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù tí á fi ní òwú wà ní òdìkejì títì, ó ń fá pákó. Màá tẹ orí mọ́ iṣẹ́.

Èmi kọ́ ni mo sọ fún un. Ojú fèrèsé ló ti ká mi mọ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù, mo gbé áyọ́ọ̀nù lé ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan, mo sì ń wo Káfíńtà tó ń gbé ìlẹ̀kùn kọjá lórí. Òórùn jíjó ló pè mí padà. Nígbà tí Ọ̀gá wọlé tí wọ́n ní ta ló jó aṣọ olówó, kí n tó la ẹnu, Bọ́tìnì ní òun ni. Ó kúnlẹ̀ fún odindi wákàtí kan. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, wọ́n lè lé mi. Òun ti pẹ́, Ọ̀gá kàn máa pariwo ni. Àmọ́ Ọ̀gá ò kàn pariwo. Wọ́n ní àṣìṣe kan ṣoṣo sí i, kó di ẹrù rẹ̀ kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀. Fi ìyẹn sọ́kàn, torí òun ló di mí lẹ́nu.

Jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń wọn èèyàn lọ́dọ̀ wa, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ẹnì kan kì í wọ̀n kó tún kọ. Ẹnì kan á fa téèpù, á máa pe iye rẹ̀. Ẹnì kejì á jókòó ti ìwé ìwọ̀n, á máa kọ ọ́. Tí ìwọ̀n bá ṣì, ẹni tó fa téèpù ló ni ẹjọ́, torí Ọ̀gá ní ohun tí ẹni tó ń kọ gbọ́ ló kọ. Ẹni tó bá máa gé aṣọ, ìwé ni kó gbọ́, kó má gbọ́ orí ara rẹ̀. Tí ìwé bá rú u lójú, kó wá bi Ọ̀gá, kó má dá nǹkan kan ṣe. Àwọn òfin yìí ti wà kí a tó débẹ̀, ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi kọ wọ́n sára ògiri, a sì máa ń tún wọn kọ tí ó bá ti ń parẹ́.

Ó pé ọ̀sẹ̀ méjì lánàá tí Káfíńtà wọlé sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú aṣọ dúdú lábẹ́ apá. Láti ọdún kan tí mo ti wà níbẹ̀, ìgbà kejì tó máa wọlé nìyẹn. Ó ní òun ti parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá òun, òun kàn ń bá wọn ṣiṣẹ́ lọ ni, hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan sì ń wá káfíńtà tí á máa tún ìlẹ̀kùn àti bẹ́ẹ̀dì ṣe. Wọ́n ní kí òun wá dán iṣẹ́ wò ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, kí òun wọ ṣòkòtò dúdú àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ó ní ṣẹ́ẹ̀tì wà, ṣòkòtò ni kò sí. Gbogbo ṣòkòtò òun ló ti gba gọ́ọ̀mù.

Ọ̀gá ní kí n wọ̀n ọ́n. Ìkejì, kí ni kí n sọ fún ọ? Ó gbé apá sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró. Ó ní ṣé kí òun fa ikùn wọlé ni. Mo ní rárá, ẹ máa mí bí ẹ ṣe ń mí. Ó ní, "Ṣé ìwọ náà ń mí ṣá?" Bọ́tìnì bú sẹ́rìn-ín nídìí ìwé. Mo yí téèpù ká a nídìí, ojú mi ò sì kúrò lára nọ́ńbà. Ìbàdí, méjìlélọ́gbọ̀n. Itan, mẹ́rìnlélógún. Gígùn, mọ́kànlélógójì. Mo pè wọ́n ketekete. Bọ́tìnì ní òun ti kọ ọ́. A ní kó wá gbà á ní Sátidé, kó lè dán an wò, kí àyè wà láti tún un ṣe tó bá kù síbì kan.

Ní Ọjọ́bọ̀, Ọ̀gá gbé àlùmọ́gàjí fún mi. Oṣù tó kọjá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà mí láyè kí n máa gé ṣòkòtò, Bọ́tìnì tó ti pẹ́ jù mí lọ ò tíì máa gé e, nítorí ṣẹ́ẹ̀tì tó jó. Mo ṣí ìwé, mo fi ṣọ́ọ̀kì fà á bí ó ṣe wà nínú ìwé, mo gé e, mo rán an, mo lọ̀ ọ́. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún Ọ̀gá nìyẹn.

Sátidé dé, Káfíńtà ò wá. Ọ̀gá rẹ̀ mú un lọ ṣe òrùlé fún ẹnì kan lọ́nà jíjìn. Ọjọ́ Ajé ni ó sáré wọlé nígbà tí a ti ń bo máṣíìnì láṣọ. Bọ́tìnì ní, "Ẹ wọ̀ ọ́ wò, ẹ̀gbọ́n." Ó ní òun ò ní lè dúró, òun ṣì fẹ́ lọ pọ́n ṣísẹ́lì òun. Bọ́tìnì tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé ìṣẹ́jú kan péré ni, aṣọ ìkélé ló wà níbẹ̀ yẹn. Káfíńtà wò mí, ó ní, "Abẹ́rẹ́ ló rán an, kí ni mo tún fẹ́ wò?" Ó sọ ọ́ sínú láílọ́ọ̀nù, ó lọ.

Gbólóhùn yẹn, mo gbé e sùn bí ìrọ̀rí lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rín ni mo sì fi sùn, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó wọlé. Kò pariwo. Ó fi ṣòkòtò náà sórí tábìlì níwájú Ọ̀gá, ó ní, "Ẹ bá mi wò ó, sà." Ìbàdí rẹ̀ ò pàdé nígbà tó wọ̀ ọ́ láàárọ̀, pínnì ló fi há a, ó wá fi bẹ́líìtì bò ó. Nígbà tó dé hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n mú àwọn mẹ́ta lọ sídìí ìlẹ̀kùn kan tó já nísàlẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n kúnlẹ̀ kí wọ́n dè é padà. Àwọn méjì tó kù kúnlẹ̀. Òun dúró. Ó ní òun mọ̀ pé tí òun bá fi lè tẹ orúnkún ba, aṣọ náà á ya láti ẹ̀yìn, obìnrin mẹ́rin ló sì wà nínú àwọn tó ń wò wọ́n. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe é lóòró. Ọ̀gá wọn ní irú èyí rò pé iṣẹ́ ti kéré sí òun. Wọ́n kọ nǹkan sí iwájú orúkọ rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ.

Ọ̀gá mú téèpù fúnra wọn, wọ́n wọ̀n ọ́n: méjìlélọ́gbọ̀n. Wọ́n ṣí ìwé: ọgbọ̀n. Wọ́n wo ìwé, wọ́n wo Káfíńtà, wọ́n wò wá.

"Ta ló fa téèpù?"

Mo ní èmi ni, sà.

"Ṣé ìbàdí ọmọlangidi lo wọ̀n ni, àbí ti èèyàn?"

Mo wo Bọ́tìnì. Ojú rẹ̀ ti fà ro, ó ń fi ìka tẹ etí ìwé mọ́lẹ̀ bí ẹni pé ìwé fẹ́ fò. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kì í ṣe àṣìgbọ́. Ǹ bá ní "Mo pe méjìlélọ́gbọ̀n, sà." Ẹ̀yìn ìyẹn, ilé bàbá Bọ́tìnì ló kù. Mo rántí wákàtí kan tó fi kúnlẹ̀ fún mi. Mo dákẹ́. Ọ̀gá gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ mi, wọ́n fi kọ́ sára ìṣó lókè níbi tí ọwọ́ mi ò tó, wọ́n ní kí n padà sídìí ihò bọ́tìnì. Wọ́n bẹ Káfíńtà pé àwọn máa tú u, àwọn máa gbà á láyè sí i. Ó ní ó dáa. Kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí a ti ń da èérún aṣọ nù, ni Bọ́tìnì ti jẹ́wọ́. Ó ń sunkún, ó ń sọ̀rọ̀, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń wá? Mo ní kó lè máa pàrà ibí ni. Kó wá ní Sátidé, ká ní ó fún un. Kó tún padà ní Sọ́ńdè, ká ní ó kù díẹ̀. Ibi tó bá ti ń lọ tó ń bọ̀, ẹ̀yin méjèèjì á bá ara yín sọ̀rọ̀. Ta ló mọ̀ pé kò ní wọ̀ ọ́ wò? Ta ló ń gba ṣòkòtò tí kì í wọ̀ ọ́ wò?"

Mo ní, "Ẹni tó fọkàn tán aránṣọ ni."

Ìyẹn nìkan ni mo bá a sọ fún ọjọ́ méjì. O mọ̀ pé yíyan ẹni lódì ò rọrùn tí ẹ bá jọ ń lo áyọ́ọ̀nù kan. Ó ń na òwú sí mi, mo ń gbà á láìwo ojú rẹ̀. Ó ń gbálẹ̀ ní ọjọ́ tó kàn mí. Ó fi bísíkíìtì sábẹ́ ìbòrí máṣíìnì mi, mo gbé e padà sábẹ́ tirẹ̀, ó tún gbé e padà, títí bísíkíìtì fi di ìyẹ̀fun. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó ní òun máa lọ sọ òótọ́ fún Káfíńtà. Mo ní mo fi ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, kó má lọ. Mo ní kó fi mí sílẹ̀ bí mo ṣe wà yìí, pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Ó ní òun ló bà á jẹ́, òun ló máa tún un ṣe. Èèyàn ò lè dá Bọ́tìnì dúró tí àánú bá ti gbé e wọ̀.

Lójú fèrèsé ni mo ti rí i. Ó dúró láàárín àwọn pákó, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń fò lókè, Káfíńtà sì di ayùn mú kò rẹ́ nǹkan kan. Nígbà tó yá, Bọ́tìnì na ìka sí ọ̀dọ̀ wa. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sábẹ́ tábìlì. Ọ̀gá ní kí ni mò ń wá. Mo ní abẹ́rẹ́ ni, sà. Wọ́n ní ìwọ ńkọ́, ìwọ kì í ṣe abẹ́rẹ́?

Bọ́tìnì wọlé pẹ̀lú ayọ̀ lójú. Ó ní òun ti tún un ṣe. Ó ní òun sọ fún un pé òun lòun kọ ọgbọ̀n, pé èmi pe iye tó tọ́. Òun sì sọ ìdí rẹ̀. Mo ní ìdí wo? Ó ní ìdí náà gan-an.

"Mo ní o fẹ́ràn ẹ̀. Mo ní ìwọ̀n ẹ̀ wà lórí ẹ bí orúkọ ìyá tó bí ẹ. Mo ní kó jí ẹ lójú oorun kó bi ẹ́: ìbàdí méjìlélọ́gbọ̀n, itan mẹ́rìnlélógún, gígùn mọ́kànlélógójì. Mo ní Abẹ́rẹ́ ò lè ṣi ìwọ̀n ẹ láéláé."

"Kí ló wá sọ?"

"Ó ní o ṣé."

"Ó ní o ṣé?"

"Ó ní o ṣé, ó wá ń rẹ́ pákó ẹ̀ lọ."

Ìkejì, ilẹ̀ ò lanu. Mo rò pé á lanu, kò lanu.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Ọ̀gá ní kí n tú ṣòkòtò náà lójú wọn. Wọ́n ti ń ronú pé a máa wá aṣọ dúdú tó jọ ọ́, ká fi lẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, bí àlẹ̀mọ́ náà tilẹ̀ máa hàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú rírán ṣí, etí aṣọ tó wà nínú fẹ̀. Ó fẹ̀ ju bí a ṣe máa ń fi sílẹ̀ lọ dáadáa. Ọ̀gá fi àtàǹpàkò wọ̀n ọ́n, wọ́n ní, "Ó kéré tán, orí ẹ ṣiṣẹ́ níbí. O ṣe é bí ẹni tó mọ̀ pé a máa padà tú u." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Inú wọn dùn torí a ò ní lẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn máa sọ àlùmọ́gàjí kalẹ̀ fún mi. Mo ní ẹ ṣé, sà.

Àná ni Káfíńtà wá gbà á. Ọ̀gá ò sí nílé, Bọ́tìnì sì wá ohun tó máa rà, torí ó rò pé ó ń fi àyè sílẹ̀ fún wa ni. Káfíńtà wọ̀ ọ́ wò lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ó bá a mu rẹ́gí. Ó tẹ̀, ó kúnlẹ̀ níbẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó dìde, kò sí ohun tó ya. Mo wo orúnkún rẹ̀ tó dọ̀tí, mo fẹ́ bá a gbọn ọ́n, ọwọ́ mi ò gbé.

Ó bọ́ ọ, ó yí inú rẹ̀ síta, ó ń wò ó bí wọ́n ṣe máa ń wo ẹsẹ̀ àga. Ojú abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ṣì hàn lára aṣọ dúdú náà, ilà rẹ̀ lọ gbọọrọ, etí aṣọ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ ní fífẹ̀. Ó fi ìka tọ ilà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ó ní, "Àwa náà máa ń ṣe báyìí. Tí a bá mọ̀ pé a ṣì máa fá pákó, a kì í rẹ́ ẹ dé ojú ìwọ̀n. A máa ń fi díẹ̀ sílẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa òwú tó já bọ́ sílẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀rẹ́ ẹ ní o mọ ìwọ̀n mi lórí."

Mo mi orí.

"Nígbà tí o wá ṣí ìwé tí o fẹ́ gé e, kí lo rí?"

Ó dúró. Kì í ṣe ìdúró ẹni tó ń bínú, ìdúró ẹni tó fẹ́ kí n sọ ohun tó máa dùn ún gbọ́ ni, kódà kó jẹ́ irọ́. Ǹ bá ní mi ò kíyè sí i. Ǹ bá ní òfin ni, ìwé ni ká gbọ́. Ó wà lára ògiri lẹ́yìn mi níbẹ̀, mo lè nà án sí i. Ahọ́n mi wúwo bí áyọ́ọ̀nù èédú.

Nígbà tó ti dúró tó, ó ká ṣòkòtò náà sí méjì, ó tún ká a sí mẹ́rin. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun tó ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà ní ìlú mìíràn ti ní kí òun máa bọ̀, wọ́n ń wá ẹni tó máa bá wọn po sìmẹ́ńtì. Ọjọ́ Ẹtì lòun ń lọ. Ó ní òun ò mọ ibi tí òun máa wọ èyí lọ níbẹ̀, àmọ́ ó dáa, òun máa mú un lọ. Ó ní, "Ó bá mi mu báyìí, o ṣé." O ṣé kan náà tó sọ fún Bọ́tìnì.

Ìkejì mi, èyí ni ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rí i. Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo ṣí ìwé, mo rí ọgbọ̀n, ọwọ́ mi dúró sójú kan. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ọ̀gá wà nínú yàrá tó kángun sí tiwa, ẹsẹ̀ mẹ́rin péré ló wà láàárín wa, tí mo bá pè wọ́n, wọ́n á ní tún un wọ̀n. Mi ò pè wọ́n. Mo ní lọ́kàn mi pé ìwé ni ká gbọ́. Mo ní, tó bá fún un, á padà wá. Mo tiẹ̀ rò ó pé màá sọ fún un pé "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, kò ní pẹ́." Mo fi etí aṣọ sílẹ̀ kó fẹ̀, kó lè rọrùn fún mi láti tú. Mo wá gé e. Mo ń kọrin nígbà tí mò ń gé e.

Bọ́tìnì ló kọ ọ́. Èmi ni mo gé e. Bọ́tìnì kò sì mọ̀. Ó ń bẹ̀ mí lójoojúmọ́, èmi náà sì ń jẹ́ kó máa bẹ̀ mí. Láàárọ̀ yìí ló tún fa omi tó kàn mí, ó ní ṣé inú mi ti ń rọ̀ díẹ̀. Mo ní díẹ̀.

Mo ti ka ẹsẹ̀ tó wà láti ẹnu ọ̀nà wa dé ọ̀dọ̀ wọn. Mọ́kàndínlógún ni. Lónìí mo rìn ín dé mẹ́jọ, mo dé etí gọ́tà. Mo ń gbọ́ ayùn rẹ̀. Mo ní tí ayùn bá dákẹ́, màá kọjá. Ayùn dákẹ́. Mo padà wọlé, mo ṣe bí ẹni tó wá da omi nù, n kò sì gbé omi lọ́wọ́. Kí ni kí n sọ tí mo bá dé ibẹ̀? Pé mo fẹ́ kó máa padà wá, mo wá fi ọwọ́ ara mi sọ ọ́ di ẹni tó ń lọ? Tí mo bá sọ ọ́, á kórìíra mi kó tó lọ. Tí mi ò bá sọ ọ́, á lọ náà ni. Ẹnu mi ò lè ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ìwọ lo máa ń mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, àmọ́ ọjọ́ Ajé ni àwọn onílẹ́tà ń dé ilé ìwé yín. Nígbà tí o bá fi ka ibí yìí, ìró ayùn òdìkejì títì ti di ti ẹlòmíì.

Bá mi kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé. Bá mi kí Ìyá Kékeré, ṣùgbọ́n má ṣe ka lẹ́tà yìí sí wọn létí, wọ́n á sọ fún ìyá mi pé kì í ṣe ibà. Fi ẹsẹ̀ rẹ sínú omi gbígbóná. Fún mi lésì, kódà tí kò bá wúlò mọ́. Kí o má sì bá mi bínú sí Bọ́tìnì. Tí o bá máa bínú, ẹni tó mú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ lo mọ̀ báyìí.

Èmi ni, tìrẹ níbikíbi tí mo bá wà,

Ìkejì rẹ,
tí wọ́n ń pè ní Abẹ́rẹ́ níbí.